Ìjíròrò: Ìrìn àjò sí Cachi ní àfonífojì Calchaquí, àti ilé ìjọsìn San José tí ó wà níbẹ̀

Àdùkẹ́ (São Paulo) béèrè pé:

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Ìyá mi ń bọ̀ láti Ìbàdàn wá kí mi ní Brazil nínú oṣù Kẹrin, a sì ti pinnu pé a ó jọ lo ọ̀sẹ̀ kan ní ìhà àríwá ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Argẹntínà. Ẹni ọdún 68 ni wọ́n, inú ìjọ Àgùdà ni wọ́n sì ti dàgbà. Wọ́n gbọ́ lẹ́nu àlùfáà wọn pé ìlú kékeré kan wà ní ìpínlẹ̀ Salta tí ó jẹ́ pé igi ẹlẹ́gùn-ún inú aṣálẹ̀ ni wọ́n fi ṣe òrùlé ilé ìjọsìn rẹ̀, tí wọ́n sì fi ṣe pẹpẹ rẹ̀. Cachi ni orúkọ ìlú náà. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbọ́ ọ ni wọn kò ti jẹ́ kí n sinmi.

Àwọn tí ń ta ìrìn àjò ní Salta sọ fún mi pé a lè jí lọ kí a sì padà ní ọjọ́ kan náà. Ṣé òótọ́ ni, àbí ọ̀rọ̀ ọjà lásán ni? Ẹ̀jẹ̀ ríru wà lára ìyá mi, wọ́n ń lo oògùn rẹ̀ déédéé, mo sì gbọ́ pé òkè tí a ó gùn kí a tó dé ibẹ̀ ga púpọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tí ó bá ti dé ibẹ̀ rí kí ó là mí lóye.

Bàbá Káyọ̀dé (Buenos Aires) dáhùn pé:

Àdùkẹ́, àbúrò mi, o kú ìpalẹ̀mọ́. Mo ti lọ sí Cachi lẹ́ẹ̀mẹta, èyí tí mo sì kọ́kọ́ lọ, tí mo lọ tí mo sì padà ní ọjọ́ kan ṣoṣo, ni ó kọ́ mi lọ́gbọ́n. Má ṣe é bẹ́ẹ̀.

Láti Salta dé Cachi jẹ́ nǹkan bí kìlómítà 157, ṣùgbọ́n má ṣe fi kìlómítà ṣírò àkókò, nítorí bọ́ọ̀sì a máa lo wákàtí mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ó gba títì 68 lọ sí gúúsù títí dé El Carril, níbẹ̀ ni ẹ ó ti yà sí títì 33, tí yóò gbé yín gba àárín òkè méjì kọjá ní Escoipe, kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè tí wọ́n ń pè ní Cuesta del Obispo, ìyẹn Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé bíṣọ́ọ̀bù Julián de Cortázar sun ibẹ̀ mọ́jú ní ọdún 1622 nígbà tí ó ń lọ sí Cachi, tí orúkọ náà kò sì kúrò lára òkè náà mọ́. Títì náà ń lọ́ bí ìfun àgùntàn. Lórí òkè téńté, níbi tí à ń pè ní Piedra del Molino, àmì ojú ọ̀nà yóò sọ fún yín pé ẹ ti fi mítà 3,457 ga ju òkun lọ. Ilé àdúrà kékeré San Rafael wà níbẹ̀ nínú afẹ́fẹ́, bẹ́ẹ̀ ni òkúta ọlọ ńlá tí ibẹ̀ ti gba orúkọ rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ilẹ̀ yóò tẹ́jú lójijì. Ẹ ó wọ inú Los Cardones, ilẹ̀ tí ìjọba àpapọ̀ yà sọ́tọ̀ fún ìdáàbòbò igi àti ẹranko ní ọdún 1996. Títì tí ó gba inú rẹ̀ kọjá, Recta del Tin Tin, tọ́ gbọọrọ fún nǹkan bí kìlómítà 18, àwọn igi cardón, igi ẹlẹ́gùn-ún tí àlùfáà ìyá rẹ sọ̀rọ̀ rẹ̀, sì dúró lọ́tùn-ún lósì bí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn tí wọ́n na apá sókè. Ẹ dé Payogasta, ẹ já sí títì 40, kò sì ní pẹ́ tí ẹ ó fi rí Cachi nísàlẹ̀ òkè Nevado de Cachi, tí ṣónṣó rẹ̀ ga tó mítà 6,380 tí yìnyín sì bo orí rẹ̀. Ní èdè Quechua, iyọ̀ ni "cachi". Àwọn kan sọ pé funfun orí òkè yìí ni wọ́n fi pe ìlú náà bẹ́ẹ̀.

Ìdí tí mo fi ní kí ẹ sùn níbẹ̀ nìyí. Nǹkan bí agogo méjìlá ọ̀sán ni ọkọ̀ àwọn arìnrìn-àjò olójọ́-kan máa ń dé. Ní agogo kan, gbogbo ìlú á ti ilẹ̀kùn, wọn á lọ sùn, ilé ìjọsìn sì lè wà ní títì pẹ̀lú. Ní agogo mẹ́ta, ọkọ̀ yín á fọn fèrè pé ó yá. Ní agogo márùn-ún tí ìlú bá jí, tí àwọn ọmọdé jáde sí gbàgede, tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ sì ń kun ògiri funfun ní àwọ̀ osùn, ẹ̀yin ti wà lórí òkè tí ẹ ń padà lọ. Ẹ ó kàn lè sọ pé ẹ dé Cachi ni.

Dérìn Awakọ̀ dáhùn pé:

Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ fún Bàbá Káyọ̀dé, kò yẹ kí a dẹ́rù ba obìnrin yìí. Èmi àti ìyàwó mi wa ọkọ̀ tí a yá láti Salta ní agogo mẹ́fà àárọ̀, a dé Cachi kí agogo mọ́kànlá tó lù, a wọ ilé ìjọsìn, a jẹun, a wo ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Pío Pablo Díaz tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbàgede, a sì padà dé Salta kí ilẹ̀ tó ṣú tán. Ẹni tí ó bá ń wa ọkọ̀ ara rẹ̀ kì í ṣe ẹrú fèrè ẹnikẹ́ni.

Àwọn ohun tí mo fẹ́ fi kún un ni pé kí ẹ bu epo kún ọkọ̀ ní Salta, kí ẹ sì mú owó pésò dání, nítorí ẹ̀rọ tí ń pọ owó ní ìlú kékeré kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń gbẹ́kẹ̀ lé. Láti oṣù Kejìlá sí oṣù Kẹta ni òjò máa ń rọ̀ ní apá ìsàlẹ̀ òkè náà. Omi a máa gbá títì lọ nígbà mìíràn, kùrukùru a sì máa bo gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà lọ́sàn-án débi pé ẹ kò ní rí imú ọkọ̀ yín. Oṣù Kẹrin dára. Ohun kan ṣoṣo tí mo bẹ̀ yín ni pé kí ẹ má ṣe jẹ́ kí máàpù orí fóònù tàn yín gba San Antonio de los Cobres wá sí Cachi. Lórí máàpù, títì 40 náà ni, ṣùgbọ́n ọ̀nà ibẹ̀ gba Abra del Acay kọjá, tí ó ga tó nǹkan bí mítà 4,900, kò sì sí ọ̀dà lójú ọ̀nà náà. Kì í ṣe ibi tí à ń gbé ìyá ẹni gbà.

Nọ́ọ̀sì Ìlú Ọba dáhùn pé:

Èmi kò dé Cachi rí, ṣùgbọ́n mo ti tọ́jú àwọn tí òkè gíga bá jà, mo sì ti gun òkè Andes ní Peru, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lórí ìlera nìkan.

Ìlú Cachi fúnra rẹ̀ kì í ṣe ìṣòro fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, nítorí nǹkan bí mítà 2,280 ni gíga rẹ̀. Orí òkè tí ẹ ó kọ́kọ́ gbà kọjá ni kí ẹ ṣọ́ra fún, ewu ibẹ̀ kò sì pọ̀ bí ẹ kò bá pẹ́ níbẹ̀. Ẹ má ṣe sáré. Ẹ má ṣe jẹ́ kí Màmá sọ̀kalẹ̀ kí wọ́n máa rìn kiri fún wákàtí kan nítorí pé wọ́n fẹ́ ya fọ́tò. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó. Bí orí bá ń fọ́ wọn tàbí tí èébì ń gbé wọn, ẹ má ṣe dúró rárá, ẹ sọ̀kalẹ̀ lọ sí ìhà kejì. Kí wọ́n jẹun díẹ̀ ní àárọ̀, kí wọ́n máa mu omi díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n má sì fo oògùn wọn kankan. Bí ó bá jẹ́ oògùn tí ń mú ènìyàn tọ̀ ni wọ́n ń lò, ẹ bá dókítà wọn sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó kúrò ní Ìbàdàn, nítorí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ gbẹ púpọ̀. Àpò oògùn náà gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ wọn, kì í ṣe nínú ẹrù ẹ̀yìn ọkọ̀.

Ẹ ó rí àwọn ará ibẹ̀ tí ẹ̀kẹ́ wọn yọ bí ti ẹni tí ó fi obì sẹ́nu. Ewé coca ni. Òfin ilẹ̀ Argẹntínà gbà kí ènìyàn jẹ ewé náà bí ó ti wà láìṣe é ní ohun mìíràn, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe kó o kọjá ẹnubodè padà sí Brazil tàbí sí Nàìjíríà, kí ewé tútù má baà di ẹjọ́. Fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń yọ lẹ́nu, èmi kò ní gba Màmá nímọ̀ràn pé kí wọ́n tọ́ ọ wò.

Mọlé-mọlé (Èkó) dáhùn pé:

Iṣẹ́ ilé kíkọ́ ni iṣẹ́ mi, ilé alámọ̀ sì ni mo fẹ́ràn jù, nítorí náà ẹ fi orí jì mí bí ọ̀rọ̀ mi bá gùn.

Kí ẹ tó wọlé, ẹ dúró sí gbàgede kí ẹ wo ilé ìjọsìn náà láti òkèèrè. Ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, inú oko ńlá kan ni Cachi wà, ilé àdúrà oko náà ni ó sì di ilé ìjọsìn San José tí à ń sọ yìí. Ìjọba ti kà á mọ́ àwọn ilé àjogúnbá gbogbo orílẹ̀-èdè náà. Kò ní ilé ìṣọ́ gíga. Ògiri iwájú ni wọ́n kọ́ sókè, tí wọ́n dá ihò sí i lára, tí wọ́n sì fi agogo kọ́ sínú àwọn ihò náà. Amọ̀ ni ògiri rẹ̀, ó nípọn, bíríkì amọ̀ tí wọ́n pò mọ́ koríko gbígbẹ tí wọ́n sì sá sóòrùn láìsun ún níná. Ẹni tí ó bá ti gbé inú ilé bàbá-ńlá wa rí yóò mọ bí ó ti ń tutù lọ́sàn-án tí ó sì ń mú ooru mọ́ra lóru.

Òrùlé ni iṣẹ́ ńlá. Ilẹ̀ àfonífojì yẹn gbẹ, òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ rọ̀ níbẹ̀, igi tí ó tó igi àjà sì ṣọ̀wọ́n. Ohun tí ó wà lọ́pọ̀ yanturu ni cardón, èyí tí ó jọ orọ́ tí a máa ń gbìn ṣe ọgbà nílé, àmọ́ tí ó ga ju ilé lọ. Nígbà tí ó bá wà láàyè, omi ni ó kún inú rẹ̀. Bí ó bá kú, ẹran ara rẹ̀ á jẹrà dànù, egungun rẹ̀ á sì ṣẹ́ kù, igi fúyẹ́ tí ihò kún ara rẹ̀ ní ìlà-ìlà, níbi tí ẹ̀gún ti hù jáde tẹ́lẹ̀. Wọ́n là á sí pákó, wọ́n fi tẹ́ àjà, wọ́n fi ṣe pẹpẹ, wọ́n fi ṣe àpótí ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀. Àwọn ihò wọ̀nyí ni ẹ ó fi dá a mọ̀. Káfíńtà mìíràn ì bá ti dí wọn pa, ṣùgbọ́n àwọn ti Cachi fi wọ́n sílẹ̀, wọ́n sì wá dà bí ẹni pé ènìyàn ni ó fi ọwọ́ gbẹ́ wọn sí i. Ní ilẹ̀ tí ó máa ń mì tìtì bí ti ibẹ̀, òrùlé tí kò wúwo lórí ògiri amọ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà nìkan.

Ẹ má ṣe ra ohun tí wọ́n fi cardón ṣe láìbéèrè ibi tí igi náà ti wá. Igi náà ń dàgbà díẹ̀díẹ̀, yóò lo ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún kí ó tó ga ju ènìyàn lọ, òfin sì dáàbò bò ó. Èyí tí ó kú fúnra rẹ̀ ni ó yẹ kí wọ́n máa lò.

Ọmọ Ìsẹ́yìn dáhùn pé:

Ẹni tí ó bá ti gùn dé Cachi tí kò sì lọ sí Seclantás àti Molinos ti fi ẹran sílẹ̀ mu omi ọbẹ̀. Ẹ gba títì 40 lọ sí gúúsù. Ní Seclantás, ẹ ó bá àwọn ahunṣọ lẹ́bàá ọ̀nà, tí wọ́n gbé òfì wọn sí abẹ́ ìborùn níwájú ilé bí a ti ń ṣe ní Ìsẹ́yìn, tí wọ́n ń hun poncho Salta, aṣọ pupa tí ó ní ìlà dúdú. Àwọn ará ibẹ̀ ní aṣọ ọ̀fọ̀ ni dúdú náà, fún Martín Miguel de Güemes, ọ̀gágun tí ó dáàbò bo Salta nígbà ogun òmìnira, tí ó sì kú ní ọdún 1821. Mo jókòó ti bàbá kan fún wákàtí méjì. Èmi kò gbọ́ Spanish, òun kò gbọ́ Yorùbá, síbẹ̀ nígbà tí mo na ọwọ́ sí ọ̀kọ̀ rẹ̀, ó gbé e fún mi.

Ní Molinos, ilé ìjọsìn San Pedro Nolasco ní ilé agogo méjì, òrùlé cardón sì ni òun náà ní. Nicolás Severo de Isasmendi, gómìnà tí ó kẹ́yìn ní Salta lábẹ́ ọba Sípéènì, ni wọ́n sin síbẹ̀, òkú rẹ̀ sì gbẹ láìjẹrà nítorí bí ojú ọjọ́ ibẹ̀ ti rí. Ilé tí ó gbé, tí ó kọjú sí ilé ìjọsìn náà, ti di òtẹ́ẹ̀lì. Lójú tèmi, Molinos dákẹ́ ju Cachi lọ, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ni mo sì lọ wá. Ṣùgbọ́n títì ibẹ̀ kò ní ọ̀dà, eruku rẹ̀ a máa wọ inú eyín, ẹ má sì ṣe rò pé ẹ ó ti ibẹ̀ gba ìlú Cafayate padà sí Salta ní ọjọ́ kan pẹ̀lú àgbàlagbà nínú ọkọ̀.

Bàbá Káyọ̀dé (Buenos Aires) dáhùn pé:

Dérìn, mo gbọ́ ọ. Ẹni tí ó bá ń wa ọkọ̀ ara rẹ̀ lè lọ kí ó sì padà, n kò jiyàn. Àmọ́ wákàtí mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án nínú ọkọ̀, tí ẹ ó gun 3,457 lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọjọ́ kan, fún ẹni ọdún 68 tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru? Ìwọ àti ìyàwó rẹ ni ẹ lọ, ẹ kò gbé ìyá yín dání.

Àdùkẹ́, kí n fi oúnjẹ kún un, nítorí àwọn ìyá wa kì í fẹ́ràn oúnjẹ àjèjì. Ẹ bèèrè humita: àgbàdo tútù ni wọ́n lọ̀, tí wọ́n fi wàràkàṣì sí, tí wọ́n fi háhá àgbàdo wé tí wọ́n sì sè. Bí Màmá bá tọ́ ọ wò, wọn á ní àbàrí ni. Locro sì jọ ẹ̀gbo tí a fi elégédé àti ẹran sè. Nínú oṣù Kẹrin, bí ó bá bá àkókò mu, ẹ ó rí tàtàṣé tí wọ́n sá sílẹ̀ lẹ́bàá òkè yí Payogasta àti Cachi ká, tí ilẹ̀ pupa fòò bí ẹni pé wọ́n tẹ́ aṣọ sí i.

Ọ̀rọ̀ kan tún kù. Àwọn ènìyàn yóò wò yín, nítorí aláwọ̀ dúdú kò wọ́pọ̀ ní àfonífojì yẹn. Wọ́n lè pe Màmá ní "negrita", ìyẹn obìnrin dúdú kékeré. Láàárín wọn, wọ́n máa ń pe ọmọ tàbí ìyàwó ara wọn bẹ́ẹ̀, kì í sì í ṣe èébú nígbà gbogbo. Sọ fún wọn tẹ́lẹ̀ kí ó má baà yà wọ́n lẹ́nu. "Buenas tardes", ìyẹn ẹ káàsán, pẹ̀lú ìtẹríba díẹ̀ máa ń ṣí ilẹ̀kùn níbẹ̀, nítorí àwọn náà mọ ìkíni bí tiwa.

Nígbà tí ẹ bá sì wà ní Salta, ẹ mú wọn lọ sí kàtídírà láti wo ère Olúwa Iṣẹ́ Ìyanu. Wọ́n ní láti Sípéènì ni wọ́n ti fi ère náà ránṣẹ́ ní ọdún 1592. Nígbà tí ilẹ̀ mì ní ọdún 1692 ni wọ́n gbé e jáde, ilẹ̀ sì rọ̀. Ní gbogbo ọjọ́ 15 oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n ń ṣe àjọ̀dún rẹ̀, àwọn ará Cachi a sì máa fi ẹsẹ̀ rìn fún ọjọ́ púpọ̀ gba orí òkè yẹn kan náà wá síbẹ̀.

Àdùkẹ́ (São Paulo) padà wá kọ pé:

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ ṣeun púpọ̀. A ti lọ, a sì ti bọ̀. Òru méjì ni a sùn ní Cachi.

Lórí Piedra del Molino, ìyá mi kò tilẹ̀ sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Wọ́n ya àmì àgbélébùú sí ilé àdúrà San Rafael láti ojú fèrèsé, wọ́n ní ó ti tó. Orí fọ́ èmi tí mo ń ṣe akin, kò fọ́ wọn.

Bí Bàbá Káyọ̀dé ti wí gan-an ni ó rí: a dé ní nǹkan bí agogo kan ọ̀sán, a bá ilẹ̀kùn ilé ìjọsìn ní títì. Ọkọ̀ àwọn arìnrìn-àjò méjì wà ní gbàgede, àwọn ènìyàn inú wọn sì ń ya fọ́tò ilẹ̀kùn. Ní ìrọ̀lẹ́, obìnrin kan wá ṣí i fún ìsìn. Ìyá mi jókòó sí ẹ̀yìn, wọ́n gbé ojú sókè wo àjà títí tí mo fi rò pé wọ́n sùn. Lẹ́yìn ìsìn, wọ́n lọ sí ẹ̀gbẹ́ àpótí ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀, wọ́n ki ìka bọ ọ̀kan nínú àwọn ihò inú igi náà, wọ́n sì bi mí pé báwo ni àlùfáà ṣe ń pa àṣírí mọ́ nínú àpótí tí ara rẹ̀ jẹ́ kìkì ihò. Nígbà tí mo túmọ̀ rẹ̀ fún obìnrin tí ó ṣílẹ̀kùn náà, ó rẹ́rìn-ín débi pé ó di ara pẹpẹ mú.

Àbàrí ni wọ́n pe humita lóòótọ́, wọ́n sì ní iyọ̀ kò tó o. A kò lè lọ sí Molinos. Ọmọ Ìsẹ́yìn, bí a bá fẹ́ gbé òru kan ní Seclantás lọ́dún tí ń bọ̀, ṣé bọ́ọ̀sì wà láti Cachi, àbí ọkọ̀ ni kí a yá?

Ọmọ Ìsẹ́yìn dáhùn pé:

Ẹ yá ọkọ̀, kí ó jẹ́ èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ga. Ẹ fi aṣọ bo àpò yín nítorí eruku.